Irin Àlòkù Nílẹ̀ Yorùbá àti Ìṣirò Èéfín Orílẹ̀-èdè

Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí kíkọ rẹ̀ ní 1897, tí kò sì bọ́ sọ́wọ́ òǹkàwé títí di 1921, àkọsílẹ̀ kan wà nípa irin tí ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ kà. Johnson sọ pé kí òwò pẹ̀lú àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀, nílé ni wọ́n ti ń rọ gbogbo ohun èlò onírin, láti orí ohun ìjà títí dé orí abẹ́rẹ́. Ó sì fi orúkọ ibi méjì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, Ìlọrin, tí ó ní irin lílọ̀ ni ó bí i, àti Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn, tí a fi ẹta sọ lórúkọ, ẹta sì ni òkúta tí irin ń bẹ nínú rẹ̀. Ní àkókò tí ó ń kọ ìwé yìí, ó ti rí i pé ọjà òkèèrè, tí owó rẹ̀ wálẹ̀ tí dídán rẹ̀ sì wu ojú ṣùgbọ́n tí kò tọ́jọ́ tó ti ilé, ti ń lé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ sẹ́yìn. Ìbéèrè tí àkíyèsí yẹn fà yọ ni pé níbo ni irin ọjà òkèèrè náà ń gbà lọ nígbà tí ó bá gbó? Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ìtàn òwò kan tí ó ti pẹ́ ju ìjọba tí ń ṣàkóso rẹ̀ lónìí lọ, èyí tí í ṣe òwò irin àlòkù, tí àwọn tí ń ṣètò ìpinnu orílẹ̀-èdè lórí ojú ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ tí wọn yóò pè é.

Kí òwò yìí tó lè yé ènìyàn, ó di dandan láti kọ́kọ́ mọ ohun tí yíyọ irin láti inú ẹta ń ná ni. Nínú iléru, ìyẹn ààrò gíga tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ẹta àti èédú ni wọ́n ń dà lé ara wọn, wọn a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọ inú iná náà láti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni èédú ń ṣe níbẹ̀: ó ń mú ooru wá, ó sì tún ń gba èròjà afẹ́fẹ́ tí ó so mọ́ irin nínú òkúta, tí yóò fi di afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ń bá èéfín jáde. Ohun tí ó kù sílẹ̀ ni irin tí kò tíì mọ́ tán, pẹ̀lú ìdàrọ́, èyí tí í ṣe pàǹtí òkúta tí ó ti yọ́ tí ó sì ti dì. Ní 1904, Bellamy, òyìnbó kan tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ yìí, tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa abúlé Ọ̀lá Igbi ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ṣì ti ń yọ́ ẹta ní ìgbà ayé rẹ̀; àkọsílẹ̀ náà wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí jù lọ nípa iṣẹ́ iléru nílẹ̀ Yorùbá. Igi tí iṣẹ́ yìí ń jẹ kì í ṣe kékeré, nítorí pé a óò gé igi, a óò sun ún di èédú, èédú púpọ̀ yóò sì jóná kí irin díẹ̀ tó jáde. Bí iléru ìgbà náà bá kéré, tí èyí tí wọ́n ń lò ní Ṣáínà tàbí Íńdíà lónìí sì ga bí ilé alájà púpọ̀, ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kábọ́nì sì ni owó tí a gbọ́dọ̀ san kí òkúta tó fi irin sílẹ̀.

Irin tí ó ti kúrò nínú òkúta lẹ́ẹ̀kan kò béèrè owó yẹn mọ́. Ooru nìkan ni ó ń fẹ́ kí ó tó rọ̀ tàbí kí ó tó yọ́, bóyá ọdún mẹ́wàá ni ó ti lò tàbí ọgọ́rùn-ún. Àwọn alágbẹ̀dẹ Yorùbá kò dúró de ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí, apá àti èjìká wọn ni ó kọ́ wọn. Nígbà tí irin òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í gba etíkun wọlé, tí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń de àgbá wá di ohun tí ó pọ̀ lọ́jà, alágbẹ̀dẹ tí ó rà á kò ní iṣẹ́ iléru láti ṣe mọ́, inú iná àgbẹ̀dẹ ni ó gbà lọ tààrà. Lẹ́yìn èyí ni ojú irin dé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Gígé ojú irin tí ó ti jẹ sì di owú, ìyẹn òkúta tàbí irin tí alágbẹ̀dẹ ń gbé iṣẹ́ lé láti lù, nínú àgbẹ̀dẹ púpọ̀. Ọkọ̀ lọ́rí tẹ̀ lé e, àti pẹ̀lú rẹ̀ ni irin tí ó dára jù lọ tí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ yìí tíì fọwọ́ kàn wá, ìyẹn sípíríǹgì tí ó gbé ara ọkọ̀ dúró lórí táyà.

Àwọn tí ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń sọ nípa kíkú iléru bí ẹni pé òfò pátápátá ni, òfò sì ni lóòótọ́, nítorí ìmọ̀ tí ó gba ìran mélòó kan kó jọ ti bá àwọn tí ó ní in wọ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí a gbà pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ kò kú. Ó pààrọ̀ orísun ni, ó kúrò lórí òkúta bọ́ sórí àlòkù, igbó tí ìbá di èédú fún iléru sì bọ́ lọ́wọ́ ẹrù kan.

Ẹni tí ó bá dúró ti alágbẹ̀dẹ níbi tí ó ti ń fi sípíríǹgì lọ́rí rọ àdá yóò rí bí pàṣípààrọ̀ náà ṣe pé tó. Alágbẹ̀dẹ yóò ti irin náà bọ inú èédú, ọmọ iṣẹ́ yóò máa fẹ́ iná sí i títí tí yóò fi pọ́n bí ata rodo. Yóò fi ẹ̀mú fà á jáde, yóò gbé e ka orí owú, yóò sì gé e sí ìwọ̀n tí ó fẹ́. Títẹ̀ tí ó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń lù nà, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ọmọ owú lu ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ní àlùtúnlù kí ó lè fẹ́lẹ́, tí yóò sì máa dá a padà sínú iná nígbà gbogbo tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń ṣú. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan lójú ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Nígbà tí ojú àdá bá jáde tán, yóò mú un gbóná lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì rì í bọ omi lójijì kí ó lè le. Ìró tí ó máa ń ṣe nínú omi ni alágbẹ̀dẹ àgbà fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó. Sípíríǹgì kan yóò di àdá mélòó kan, àjákù tí ó bá ṣẹ́ kù yóò di ọ̀bẹ, èyí tí kò tó ọ̀bẹ yóò di ìdè fún èèkù ọkọ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí àgbẹ̀ bá ti pọ́n àdá yẹn títí tí ó fi tín-ín-rín, ilé alágbẹ̀dẹ kan náà ni yóò tún padà sí.

Àṣà ti èyí lẹ́yìn. Ààtàn, ìyẹn ibi tí agbo ilé ń da ilẹ̀ sí, jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń jẹrà tí ó sì ń padà di ilẹ̀ ọlọ́ràá, tí tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀fọ́ mìíràn ń hù lé lórí. Eérú, èèpo iṣu àti ewé iyán ni ibẹ̀ wà fún. Irin kì í bá wọn lọ síbẹ̀. Ọkọ́ tí ó ṣẹ́, irin àgbá àti ìdàrọ́ fúnra rẹ̀ ní ààyè tiwọn, nítorí ojúbọ Ògún lẹ́bàá àgbẹ̀dẹ sábà máa ń jẹ́ òkìtì irin tí ó ti ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n sì fi màrìwò dá lọ́lá. Ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, irin ńlá kan wà tí ó rí bí omijé, tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn, tí wọ́n sì ń bọlá fún gẹ́gẹ́ bí owú alágbẹ̀dẹ àtijọ́. Kò ní dára kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé àwọn baba ńlá ti mọ gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ àyíká ń sọ lónìí. Ọ̀wọ́n irin ni ó kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ìṣọ́ra, ẹ̀sìn àti àṣà sì wá sọ ìṣọ́ra náà di ohun tí ọmọ ń bá lọ́wọ́ bàbá.

Ní ọ̀rúndún ogún, irin nìkan kọ́ ni òwò àlòkù ń gbé. Alumíníọ̀mù wọlé pẹ̀lú ọkọ̀, páànù àti agolo, àwọn tí ń da ìkòkò sì sọ ọ́ di ohun ìdáná. Ṣakí ní Òkè Ògùn lókìkí fún iṣẹ́ yìí. Ìkòkò tí ó ti wà ni wọ́n ń fi tẹ yanrìn tútù láti gba àpẹẹrẹ rẹ̀, wọn a yọ ìkòkò náà kúrò, wọn a sì da alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ láti ara ẹ́ńjìnnì, férémù fèrèsé àti agolo sínú àlàfo tí ó kù. Ìkòkò tí a fi ń se ìrẹsì níbi ìgbéyàwó lè ti jẹ́ apá kan ọkọ̀ akérò rí. Èyí ni ó sì mú kí ìṣirò òwò yìí ṣòro fún ẹni tí ó bá jókòó sí ọ́fíìsì, nítorí kò sí ìwé kankan tí ó tẹ̀ lé irin náà láti ibi kan dé ibòmíràn.

Ìjọba Nàìjíríà gbé ojú sí ọ̀nà mìíràn pátápátá nígbà tí owó epo rọ̀bì dé. Láàrin ìparí àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Soviet Union, èyí tí ó yẹ kí ó máa yọ́ irin láti inú òkúta pẹ̀lú èédú ilẹ̀. Wọ́n ṣí ti Aladja nítòsí Warri ní 1982. Wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta sí Òṣogbo, Jos àti Katsina, tí yóò máa gba gbọ́rọ irin láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tóbi, tí yóò sì máa fà á di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé. Títí di òní olónìí, iléru ńlá Àjàòkúta kò tíì yọ́ irin kankan láti inú òkúta. Nígbà tí gbọ́rọ irin kò wá déédéé mọ́, Òṣogbo náà dákẹ́, àwọn ọmọ ìlú tí ó ti fi ibẹ̀ ṣe ìrètí sì fọ́n ká. Ilé iṣẹ́ àdáni ní àyíká Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Ìkòròdú, Ògijo àti ibòmíràn, ni ó wá di orísun rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé, irin àlòkù tí wọ́n fi iná mànàmáná yọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Nípa báyìí, orílẹ̀-èdè tí ó náwó lé òkúta wá di èyí tí ń gbé ilé rẹ̀ ró lórí àlòkù, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu bẹ́ẹ̀.

Ìjọba kò ṣàì ṣe nǹkan kan lórí rẹ̀ o. Irin àlòkù wà nínú àwọn ohun tí àjọ aṣọ́bodè Nàìjíríà ka kíkó jáde léèwọ̀, pẹ̀lú awọ ẹran tí a kò tíì ṣe àti igi gẹdú. Nítorí kí ilé iṣẹ́ lè rí ohun yọ́ ni òfin náà fi wà, kò sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ mu. Tọ́ọ̀nù irin kan tí a bá yọ láti inú òkúta ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ó ju tọ́ọ̀nù 2 lọ sójú ọ̀run, nígbà tí èyí tí a bá fi iná mànàmáná yọ́ láti inú àlòkù sábà máa ń tú èyí tí kò tó tọ́ọ̀nù 1.

Ọ̀rọ̀ ajé àlòtúnlò ni orúkọ tí a lè fún ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ń lépa lónìí: ètò tí ohun tí a ti yọ láti inú ilẹ̀ kò fi ní di ìdọ̀tí lẹ́yìn ìlò kan, tí wọn yóò máa tún un ṣe, pín in lò, yọ́ ọ, tí wọn yóò sì máa dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Japan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi iye sí i. Nínú ètò tí wọ́n gbé jáde ní 2003, wọ́n pinnu pé ìpín ohun àlòtúnlò nínú gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń lò yóò kúrò ní nǹkan bí 10% ní 2000, yóò sì di 14% ní 2010, àti pé ìdọ̀tí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ yóò dín kù láti nǹkan bí 56 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sí 28 mílíọ̀nù. Ní 2016, ìjọba Nẹ́dálándì ní tirẹ̀ pinnu láti dín lílo ohun tuntun láti inú ilẹ̀ kù sí ìdajì ní 2030, kí gbogbo ọrọ̀ ajé wọn sì di àlòtúnlò ní 2050. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfin ojú ọjọ́, tí ó sọ iye tí èéfín gbọ́dọ̀ fi dín kù. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin: ìpinnu lórí èéfín ní òfin lẹ́yìn, ti àlòtúnlò jẹ́ ètò ìjọba lásán, nígbà tí ó sì di 2023, àjọ tí ń yẹ ọ̀rọ̀ àyíká wò fún ìjọba wọn ti ń kìlọ̀ pé ọwọ́ kò ní tẹ ìdajì yẹn bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà gba ọ̀nà tí ó jọ èyí. Lábẹ́ àdéhùn Paris ti 2015, níbi tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti gbà láti sọ iye èéfín tí yóò dín kù, Nàìjíríà mú ìpinnu tirẹ̀ wá, ó sì tún un ṣe ní 2021: yóò fi agbára ara rẹ̀ dín èéfín kù pẹ̀lú 20% ní 2030 sí ohun tí ìbá jẹ́ bí kò bá ṣe nǹkan kan, yóò sì di 47% bí ìrànlọ́wọ́ bá ti òkèèrè wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní Glasgow, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé ní 2060, ohun tí Nàìjíríà bá ń tú sójú ọ̀run kò ní ju ohun tí igbó àti ilẹ̀ rẹ̀ lè fà padà lọ, ó sì bu ọwọ́ lu òfin ìyípadà ojú ọjọ́ nínú oṣù kan náà. Ní ti àlòtúnlò, ní Bonn ní 2017, Nàìjíríà, Rwanda àti South Africa ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ajé àlòtúnlò ní Áfíríkà. Ìpinnu méjèèjì dára. Ibi tí ó ti ku díẹ̀ káàtó ni pé bí ìwé ìṣirò wọn bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irin tí alágbẹ̀dẹ tún rọ kò ní hàn nínú ọ̀kankan. Èéfín tí kò jáde nítorí pé ẹnì kan gbé sípíríǹgì padà sínú iná kì í ní orúkọ, nítorí pé ohun tí ó jáde ni ìwé èéfín ń kà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n ka òwò àlòkù sí ìṣirò yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ìpalára inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń dáná sun wáyà kí rọ́bà ara rẹ̀ lè jó kúrò, kí bàbà inú rẹ̀ sì kù, ẹ̀dọ̀fóró wọn ni ó sì ń san owó rẹ̀. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fi hàn ní 2025 pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, ọmọdé sì wà nínú wọn. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ń ba ọpọlọ jẹ́, ìbàjẹ́ náà kì í sì í padà. Ìpinnu orílẹ̀-èdè tí ó bá ka tọ́ọ̀nù òjé tí wọ́n tún lò sí àṣeyọrí láì ka ọmọ tí ó fà á símú ti ṣi ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì nínú àgbẹ̀dẹ àti bátìrì nínú ilé iṣẹ́ yẹn, àlòtúnlò ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ wọn kò jọra, òfin tí yóò ṣàkóso wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan.

Fún irin, ìwọ̀n tí àwọn tí ń ṣe ìṣirò èéfín ń wá ti wà. Ní Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó, ní Ládípọ̀ ní Mushin àti ní Àgodi Géètì ní Ìbàdàn, kò sí irin tí ń pààrọ̀ ọwọ́ láì jẹ́ pé ẹnì kan ti mọ ohun tí ó jẹ́ àti iye tí ó tó. Ẹni tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò ní ìwọ̀n kékeré tí ó ń fi kọ́ irin ìyá arúgbó wò lójú ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n ńlá tí wọ́n ń to irin lé. Ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ ọ ní èyí tí ó ń wọn odindi ọkọ̀ akẹ́rù, nígbà tí ó bá kún àti nígbà tí ó bá ṣófo. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ iye náà sílẹ̀, ìgbà mìíràn sínú ìwé alákọsílẹ̀, ìgbà mìíràn sára pátákó pẹ̀lú ẹfun, nítorí pé owó ni ó wà nídìí rẹ̀.